Ìjẹ́rìí àti Ìjẹ́wọ́ ní Ìlú Abidjan

Irú ìwé kan wà tí àwọn Kristẹni ìlú Abidjan ń kọ lójoojúmọ́, tí ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní èdè fi ojú tí wọ́n fi ń wo ewì àti ìtàn wò ó. A kò tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá, a kì í sì í tà á ní ìsọ̀ onítàwé. Orí Facebook ni ó wà, àti orí WhatsApp, àti orí àwọn ojú-ìwé ayélujára tí olúkúlùkù ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní blọ́ọ̀gì. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè jẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní Plateau. Ó lè jẹ́ aránṣọ ní Yopougon. Ó sì lè jẹ́ ọmọ Èjìgbò tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Treichville kí a tó bí i. Ọ̀rọ̀ Abidjan kò kúkú jìnnà sí ilé: ẹni tí ó bá dé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ènìyàn ibẹ̀, nítorí pé ìlú méjèèjì ti di ojúde kan náà fún wọn láti ìgbà pípẹ́. Faransé ni èdè ìwé tí à ń wí yìí, pẹ̀lú nouchi tí í ṣe èdè ìgboro Abidjan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá a máa fi ẹnu sọ tiwọn sínú fóònù, wọn a sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sílé. Ìjẹ́rìí ni orúkọ tí wọ́n fún un.

Ẹni tí ó bá ti ka ogún nínú ìjẹ́rìí wọ̀nyí ti mọ bí ìkọkànlélógún yóò ti rí. Àwòrán ni yóò kọ́kọ́ jáde: ìyàwó nínú aṣọ funfun, ìwé ìrìnnà tí a ti lu ní òǹtẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ Bíbélì kan yóò tẹ̀ lé e, inú Orin Dáfídì ni a sì ti máa ń mú un jù. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀tá yóò wọlé, àwọn tí a kò dárúkọ, tí wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Ọlọ́run yóò dójú tì wọ́n. Níkẹyìn, a óò ní kí ẹni tí ó bá gbàgbọ́ kọ "Àmín" sí ìsàlẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Pé ó ní ìlànà tí kì í yẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Oríkì ní ìlànà, ẹkún ìyàwó ní ìlànà, ìjálá náà ní. Inú ìlànà gan-an ni a ti ń mọ akéwì tí ó mọṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ń pariwo. Àbùkù ìjẹ́rìí orí ẹ̀rọ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, èyíinì ni "mo". Ta ni ẹni tí ó ń jẹ́ "mo" nínú àwọn ìwé wọ̀nyí? Kò jẹ gbèsè rí, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí, kò ṣiyèméjì rí. Ohun tí ayé ṣe sí i ni ó ń ròyìn, pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kì í sí níbẹ̀, àfi àwẹ̀ tí ó gbà. Ènìyàn lè ka ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí ó má mọ ẹni tí ó ń kọ ọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fa èyí. Póòpù Benedict XVI, nínú iṣẹ́ tí ó rán sí ìjọ Kátólíìkì ní ọdún 2010 fún Ọjọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé, dárúkọ blọ́ọ̀gì mọ́ àwọn ohun-èlò tí ó yẹ kí àlùfáà máa fi wàásù. Nígbà tí ó di ọdún 2013, ó pe àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ní ẹnu-ọ̀nà òtítọ́ àti ti ìgbàgbọ́. Ohun tí ó wí kò burú. Ẹnu-ọ̀nà kan náà ni olè àti àlejò ń gbà wọlé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí a máa kọ́ ilé láìní ẹnu-ọ̀nà.

Ìjẹ́rìí pàápàá ti dé agbègbè Abidjan kí Abidjan tó di ìlú ńlá. Ní ọdún 1913 ni William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Liberia, fi ẹsẹ̀ rìn wọ etíkun Côte d'Ivoire, ó wọ aṣọ funfun, ó mú ọ̀pá àgbélébùú lọ́wọ́, pẹ̀lú Bíbélì àti igbá omi. Kí ọdún 1915 tó rìn jìnnà, àwọn Faransé ti lé e padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ṣe ìrìbọmi fún ní àkókò kúkúrú yìí tó 100,000 ó kéré tán. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ kọ́ ilé àdúrà sí abúlé wọn, wọ́n sì dúró bí ọdún mẹ́wàá kí àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ní ti ìjẹ́rìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ìrìbọmi ní láti kó àwọn ère àti oògùn rẹ̀ síta kí a sun wọ́n, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn àna rẹ̀, lójú ẹni tí ó mọ ibi tí ó tọ́jú èyí tí kò kó jáde sí. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bí àwọn àgbà ti wí. Kò sí ẹni tí ó lè purọ́ púpọ̀ nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù ni Bregbo, abúlé kan létí ọ̀sà lẹ́bàá Bingerville, níbi tí Albert Atcho, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé ipa ọ̀nà Harris, ti ń wo àwọn aláìsàn. Jean Rouch, ọmọ Faransé tí ń ya sinimá, ya àwòrán nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1963; àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí abúlé náà ní ọdún 1975. Ìjẹ́wọ́ ni oògùn ibẹ̀. Aláìsàn yóò sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, akọ̀wé yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a óò sọ ọ́ ní gbangba fún gbogbo ènìyàn láti gbọ́. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ náà ṣe àkíyèsí tó kí gbogbo lámèyítọ́ dúró wò ó. Aláìsàn a máa wá sí Bregbo pẹ̀lú ẹ̀sùn lẹ́nu pé àbúrò ìyá òun ni ó ń pa òun, tàbí pé orogún ìyá òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti di olùṣe: mo jẹ, mo jí, mo ṣe ìlara, mo bà á jẹ́.

Kì í ṣe pé Bregbo jẹ́ Párádísè. Àwọn ènìyàn jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé àwọn ti pa ẹni tí ó jẹ́ pé ibà ni ó pa á, irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè wó ènìyàn mọ́lẹ̀ títí ayé. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí i kò mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwé, "mo" ti Bregbo ní ẹran lára, ó ní ọwọ́ tí ó ṣe nǹkan. Ìjẹ́rìí orí fóònù ti gba ọ̀nà náà padà sẹ́yìn: ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ó sì parí sí, àfi pé ojú ti ọ̀tá náà ní òpin. Kristẹni tí ó mọ Bíbélì rẹ̀ yẹ kí ó rí i pé àròyé abọ̀rìṣà àtijọ́ nípa àwọn ayé ni a wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi fún.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní Abidjan ní àpẹẹrẹ mìíràn nínú ilé tiwọn. Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., bí Samuel Ajayi Crowther, àti James White tí ó wà ní Ọ̀tà, a máa kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí London. Àwọn ìwé náà ṣì wà ní Yunifásítì Birmingham títí di òní, lórí wọn sì ni J. D. Y. Peel gbé ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 kà. Kì í ṣe ìwé ìkọ̀kọ̀: ẹni tí ń sanwó ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí kò ní fẹ́ dára lójú ẹni tí ń sanwó fún un. Pẹ̀lú èyí náà, ẹni tí ó bá kà á yóò bá èsì ọ̀rọ̀ àwọn abọ̀rìṣà níbẹ̀ bí wọ́n ti fún oníwàásù, yóò sì bá ìtàn ẹni tí ó gba ìgbàgbọ́ tí ó sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà jẹ́ kí alátakò sọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, Akinpelu Obisesan, aṣáájú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yunifásítì Ìbàdàn ni ó sì wà nísinsìnyí. Ọmọ ìjọ ni, adúrà kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Gbèsè ni ó kún inú ìwé náà, gbèsè àti ìtìjú gbèsè, pẹ̀lú ìbéèrè ọkùnrin tí ó kàwé tí kò sì lówó. Bí ó bá jẹ́ ojú-ìwé Facebook ni, aṣọ ìjókòó nìkan ni a bá rí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán ni èyí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Côte d'Ivoire láti ìparí ọdún 2010. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, Laurent Gbagbo àti Alassane Ouattara jọ ní àwọn ni ààrẹ, ìlú sì dàrú. Àsọtẹ́lẹ̀ gba inú ilé ìjọsìn, ó sì gba orí ẹ̀rọ: àwọn wòlíì ní Ọlọ́run ti fi hàn wọ́n pé Gbagbo, tí òun àti aya rẹ̀ jẹ́ Kristẹni ajíhìnrere, kò ní kúrò lórí oyè. A mú un ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011. Àwọn tí wọ́n kú nínú rògbòdìyàn náà tó 3,000 gẹ́gẹ́ bí àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè ti kà wọ́n. Òwe ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹni tí ó pa òwe náà kò rí fóònù, níbi tí a ti ń ṣa èèpo ẹyin jọ ní òru tí ilẹ̀ yóò sì mọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó já bọ́. Àkọsílẹ̀ James White kò ṣeé pa rẹ́. Àsọtẹ́lẹ̀ orí ẹ̀rọ ṣeé pa rẹ́, ẹni tí ó sọ ọ́ sì lè dìde ní ọ̀sẹ̀ kejì sọ òmíràn.

Ní oṣù kẹrin yẹn kan náà, nígbà tí ìbọn ń dún ní àdúgbò gbogbo tí kò sí ẹni tí ó lè jáde, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ̀ nípa ayélujára bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì kan, #civsocial, kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sórí Twitter. Ẹni tí ó ń rọbí, ẹni tí ìbọn bà, ẹni tí oògùn rẹ̀ tán: wọ́n kọ àdúgbò tí ó wà àti ohun tí ó ń fẹ́, àwọn mìíràn sì ń wá dókítà tí yóò bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò sí orúkọ ìjọ kankan lórí iṣẹ́ náà, kò sí ẹsẹ Bíbélì, kò sí "Àmín" ní ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a kọ ní Abidjan ní ọ̀sẹ̀ wọnnì, bóyá èyí ni ó súnmọ́ ìtàn ará Samáríà rere jù.

Àwọn olùkọ́ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọmọ ilé-ìwé tí a ní kí ó kọ àròkọ nípa ara rẹ̀ lónìí kò wo Crowther, orí fóònù ìyá rẹ̀ ni ó ti rí àwòṣe. Nítorí náà ni àròkọ fi ń kún fún àwọn tí wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe, tí Ọlọ́run sì dójú tì wọ́n ní ìdánwò. Olùkọ́ tí ó kàn fi ìlà pupa fa ibi tí àmì ohùn ti sọnù kò tí ì ka ìwé náà. Ó yẹ kí ó bi ọmọ náà ní orúkọ ẹni tí ó ní kò lè ṣeé ṣe, àti ìdí tí ó fi wí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni náà.

Irú ìwé ìgbàgbọ́ kan ṣì wà lórí àwọn fóònù kan náà tí ó sàn ju ìjẹ́rìí lọ, òun sì ni ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Àwọn oníṣòwò Èjìgbò ní Adjamé mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ kì í ní àwòrán. Ohùn ẹnu ni, ariwo ọjà sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ọjà kò tà, onílé ń bínú, ọmọ kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mọ́, ẹ bá mi bẹ Olúwa. "Mo" tí ó wà níbẹ̀ kò borí ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé tí ó gbọ́ ọ kì í sì í dáhùn pẹ̀lú "Àmín" nìkan, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìyá àgbà a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, a ní kí ó kọ́kọ́ sọ fún òun, ṣé ó ti san owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá?