Ta Ló Ni Àwòrán Ara Káàdì?
Ẹ dé Sekona, ẹ ó bá àwọn ọ̀dọ́ nídìí Whot. William Henry Storey, ará Ìlú Ọba, ló gbé eré náà kalẹ̀ ní 1935. Òfin kò fi ọgbọ́n ayò sábẹ́ ẹnì kan. Àwòrán ara káàdì lọ̀rọ̀ wà. Bí ayàwòrán bá ya Tìmì Láoyè, ọba Ẹdẹ nígbà kan rí tó mọ ìlù lù, tirẹ̀ ni. Òfin 2022 fi sílẹ̀ fún òun àti àrólé rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Bí èrò bá wá dáwó jọ fún un láti tẹ káàdì, wọn a ní, "Ṣebí owó wa ni!" Ó tì o! Páálí lẹ rà, ẹ ò ra àwòrán, àfi bó bá wà nínú ìwé àdéhùn.

Ìwọ ayàwòrán náà, má jí fọ́tò onífọ́tò yà. Ẹni tó ń kígbe olè, kó kọ́kọ́ yẹ ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀ wò: ewúrẹ́ aládùúgbò kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.