"Ẹ Gbọ́ Èyí, Yorùbá Ni": Àwo Orin Ibeyi Létí Ọmọ Yorùbá

Orin tí ẹlòmíràn bá ní kí a gbọ́ kì í dá wá. Gbólóhùn tí ó fi júwe rẹ̀ ni ó ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, gbólóhùn náà ni ó sì ń sọ fún etí ohun tí yóò máa wá. A kì í sábà ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí nínú iṣẹ́ lámèyítọ́. Inú orin gan-an ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ṣe ni a kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò ni àwo orin tí àwọn ìbejì obìnrin kan, Lisa-Kaindé Díaz àti Naomi Díaz, gbé jáde ní ọdún 2015. Ibeyi ni orúkọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ nídìí orin, òun náà sì ni orúkọ àwo yìí. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ èyí, Yorùbá ni." Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó ti gbé ní Havana rí ní kí n pa ti ọ̀rọ̀ tì, kí n fi etí sí ìlù àti ètò òrìṣà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní tirẹ̀ sọ pé orin àwọn ọmọ tí bàbá wọn kú ni, kí n má gbọ́ ọ lálẹ́. Àwo kan náà ni, ṣùgbọ́n orin mẹ́ta ni mo gbọ́, wọn kò sì níyì bákan náà.

Ọmọ Cuba ni bàbá àwọn olórin náà, Miguel "Angá" Díaz, onílù tí ó bá ẹgbẹ́ Buena Vista Social Club ṣiṣẹ́. Ó kú ní 2006, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀nyí kò tíì pé ọdún 12. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dàgbà. Lisa-Kaindé ni ó ń tẹ dùùrù. Naomi ń lu bàtá àti cajón, àpótí onígi tí onílù máa ń jókòó lé tí yóò sì máa fi ọwọ́ lù. XL Recordings, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde adádúró kan ní London, ni ó gbé àwo náà jáde, Richard Russell tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà sì ni ó bá wọn ṣètò orin. Ní ti orúkọ, kò yẹ kí Kaindé ṣòro fún wa: Kẹ́hìndé ni.

Etí tí a bá ti sọ fún pé "Yorùbá ni" yóò máa wá ìtumọ̀. Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ rí dìmú: Eleggua ni Ẹlẹ́gbára, Ochún ni Ọ̀ṣun, Yemayá ni Yemọja. Lẹ́yìn orúkọ, òkùnkùn ni. Ọ̀rọ̀ ń kọjá, ìró rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n kò dúró kí a rí ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti wọ inú ara wọn. Ó ti pẹ́ tí èdè Lukumí ti ń gbé abẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú èdè Sípéènì, èdè tí kò ní ohùn bíi tiwa. Bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bá ti di ọ̀kan náà lẹ́nu akọrin, kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ dì mú? Ìdí nìyí tí mo fi gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé pé orin náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ kò gbọ́ èdè.

Ìdájọ́ yẹn kò yẹ ẹnu wa. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa náà ti kọ́ láti máa fi ohùn àjèjì kọ Yorùbá. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí èdè wa, wọ́n sì fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. T. K. E. Phillips kọ ìwé lórí ọ̀ràn náà ní 1953, J. J. Ransome-Kuti, tí ó gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1922, sì wà lára àwọn tí ó fi orin tí ó bá ohùn èdè mu rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn orin àtijọ́ wọ̀nyẹn kò kúrò nínú ìwé orin. À ń kọ wọ́n níbi ìsìnkú, omijé ń bọ́ lójú wa, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé a kò gbọ́ èdè. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ó ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wa bí a ti ń kọ ọ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó, kò mú ìwé lọ́wọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀ràn adùn. Bí òye ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, orin Lukumí kò ní ráyè nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn wa. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò máa kọ́ wa ní ohun tí àwọn ìyá wa kó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa fúnra wa ní ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ láìní ìtumọ̀. Nínú ọfọ̀ àti nínú àwọn ẹsẹ Ifá kan, ọ̀rọ̀ wà tí ẹni tí ó ń pè é kò lè túmọ̀, kò sì sí onímọ̀ tí ó torí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù. Òtítọ́ ni pé ohùn ọfọ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ní Cuba náà: ètò ni, pẹ̀lú ìlù.

Níbi tí ìjúwe ẹlẹgbẹ́ mi ti wúlò nìyí. Orin 13 ni ó wà nínú àwo náà. Ẹlẹ́gbára ni orin kúkúrú tí ó ṣí i, Ìbejì ni èyí tí ó tì í. Ní Cuba, Ẹlẹ́gbára ni a ń kọ́kọ́ kí kí ọ̀nà lè là. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣàlàyé èyí fún, nítorí Èṣù kì í gba ipò kejì nílé náà. Etí tí ń wá ìtumọ̀ kò ní kíyè sí i rárá. Ìlù tún ni ẹ̀sùn gidi tí mo fi kan àwo yìí, ó sì wúwo lójú mi ju ti ohùn lọ. Mẹ́ta ni ìlù bàtá ní Cuba: iyá, itótele àti okónkolo, ìjíròrò wọn ni ó sì ń gbé òrìṣà dìde. Nínú àwo yìí, ìlù Naomi mọ́, ó gún, ó sì dá wà. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ fún orin, ṣùgbọ́n kò rí ẹni dá a lóhùn.

Síbẹ̀ ìjúwe ẹ̀gbọ́n mi ni ó gbé àwo náà ró. Òkú pọ̀ nínú rẹ̀. "Think of You" jẹ́ ti bàbá wọn, "Mama Says" jẹ́ ti ìyá tí ó ṣẹ́kù, "Yanira" sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí ó ti kú. Nínú "River," èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ó ń sunkún fi bẹ odò pé kí ó wẹ ọkàn òun mọ́; nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì parí, ìkíni sí Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀. Kò dà bí ọ̀ṣọ́ tí a fi sí ìdí aṣọ. Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ni a sábà máa ń kà sí òbí Ìbejì ní Cuba, nítorí náà àwọn méjì wọ̀nyí ń sunkún lọ bá ìyá ni. Mi ò mọ iye ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú ìkíni náà. Mo mọ ibi tí ó gbà mí mú.

Kì í ṣe gbogbo àwo náà ni ó dé ibẹ̀. "Stranger / Lover" àti "Singles" jẹ́ orin ìfẹ́ ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ ní ìlúkílùú. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti fò wọ́n náà ni mo fò wọ́n. "Singles" ni ó tilẹ̀ ń dùn mí jù, nítorí ibi tí wọ́n gbé e sí. "Yanira" ni orin kọkànlá, Ìbejì ni ìkẹtàlá, òun ni ó sì dúró láàrin wọn. Bí èmi ni mo tò ó, ǹ bá yọ ọ́, kí ìpè tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn tí ó kú lè wọnú ìkíni òrìṣà tiwọn láìsí ohunkóhun láàrin.