Ọwọ́ Kejì Ni Mo Fi Ń Mọ Ọ̀ta

Bí ènìyàn bá yà bá àwọn tí ń ta ayò ní Àkẹ̀sán, níwájú ààfin Ọ̀yọ́, tàbí ní Ọjà Ọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, tí ó sì kí wọn bí a ti í kí wọn pé, “Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o,” tí ọ̀kan nínú wọn sì dáhùn láìgbójú sókè pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn,” ohun tí àlejò náà yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀ta, ẹni tí ó mọ ayò ta, èwo sì ni ọ̀pẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀pọ̀ òǹwòran a máa dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá tú odù, ìyẹn ilé tí ọmọ ti pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọmọ ayò ń dún wàràwàrà yí ọpọ́n ká, kí wọ́n tó dájọ́. Èmi kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọpọ́n ayò ní ọpọ́n ayò, ọwọ́ kejì ẹni tí ó kọ́kọ́ ta ni mo fi ń dá a mọ̀.

Ọwọ́ kìn-ín-ní kò ní wàhálà nínú. Ilé méjìlá ni ń bẹ nínú ọpọ́n, mẹ́fà níhà tèmi, mẹ́fà níhà ẹnìkejì mi, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kò sí ilé tí ó lọ́rọ̀ ju èkejì lọ, kò sì sí ohun tí a lè jẹ, nítorí ẹni tí ọmọ rẹ̀ parí sí ilé ẹlòmíràn kò lè kó nǹkan níbẹ̀ àfi bí ó bá sọ ohun tí ó bá níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkejì bá ti fèsì tán, tí ọpọ́n ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú òpè, ọ̀rọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọpọ́n kan kalẹ̀. Mo kó mẹ́rin tí ó wà nínú ilé mi kẹta, bí a bá ń kà á láti ọwọ́ òsì, mo tà á lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí ó kẹ́yìn sì bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ ẹni tí ó kọjú sí mi. Òun náà kó mẹ́rin tí ó wà nínú ilé rẹ̀ kẹfà, ó sì tà á wọ ilé mi mẹ́rin àkọ́kọ́. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ó ta mí lọ́rẹ ni, nítorí ilé mi ti di márùn-ún, márùn-ún, ọ̀kan, mẹ́fà, márùn-ún, márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀kan ṣoṣo tí ó dá wà ní ilé kẹta yẹn, kí ẹ sì wo ilé karùn-ún tirẹ̀, níbi tí mẹ́rin wà: bí ó bá tà á, èyí tí ó kẹ́yìn yóò bá ọ̀kan mi nílé, yóò sọ ọ́ di méjì, yóò sì kó o jẹ.

Ọ̀pẹ̀ tí ó bá rí ewu yìí yóò sáré ta ilé kìn-ín-ní tàbí ìkejì, kí ọ̀kan náà lè rí ẹni bá gbé. Kò mọ̀ pé ńṣe ni òun ń bu kún oúnjẹ olóúnjẹ, nítorí mẹ́ta ni wọn yóò jẹ nígbà náà dípò méjì. Ẹni tí ojú rẹ̀ là díẹ̀ yóò ta ilé kẹfà, kí mẹ́rin ọ̀hún lè di márùn-ún, kí ó sì fo ilé kẹta kọjá. Ète náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó sọ ilé kẹrin ẹnìkejì di márùn-ún, márùn-ún yìí ni yóò sì parí gẹ́lẹ́ sí ibi tí a ń sá fún. Ilé kẹrin àti ìkarùn-ún tèmi kò gbà mí. Nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó là: kí n mú ọ̀kan ṣoṣo yẹn, kí n sún un sí ilé kẹrin, kí ilé kẹta ṣófo, kí ilé kẹrin di méje, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ di odù. Òǹwòran kì í pàtẹ́wọ́ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa pàtẹ́wọ́ fún un nínú ọkàn mi, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹni tí ó sì lè ta ọmọ kan ṣoṣo nígbà tí márùn-ún márùn-ún kún ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́gun ojúkòkòrò ara rẹ̀ kí ó tó dojú kọ ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ iyì ọwọ́ kejì. Nínú eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bridge, tí Harold Vanderbilt ará Amẹ́ríkà tún ìlànà ìṣírò rẹ̀ ṣe ní 1925, wọ́n a máa ka 4 fún ace, 3 fún king, 2 fún queen, 1 fún jack. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tí káàdì rẹ̀ bá pín létòlétò sí ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí iye rẹ̀ jẹ́ 15 sí 17, a máa wí i lẹ́ẹ̀kan náà pé no-trump kan, ìyẹn ni pé kí ẹ̀yà kankan má ṣe borí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 12 sí 14, yóò dárúkọ ẹ̀yà kan ná, yóò gbọ́ èsì ẹni tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan, kí ó tó wí no-trump kan. Bí ó bá sì jẹ́ 18 tàbí 19, yóò fo lọ sí no-trump méjì. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó ń tú àṣírí ọwọ́. Káàdì tiwọn pamọ́; ọmọ ayò tiwa wà ní gbangba, èrò inú ẹni tí ń ta á nìkan ni ó pamọ́, èyí sì ni mo fi gbà pé tiwa jinlẹ̀ jù.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal, ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo ìrísí tí ọpọ́n awari lè ní, ìyẹn ayò tí òfin rẹ̀ bá tiwa tan pẹ́kípẹ́kí. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣì, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Àwọn kan ní ó parí nìyẹn. Lójú tèmi, ó fi hàn pé ìdọ́gba tí a bá nínú ọpọ́n jẹ́ ìdọ́gba tòótọ́, tí kò sẹ́ni tí í bà á jẹ́ fún wa bí kò ṣe ọwọ́ ara wa.

Inú mi dùn pé ayò wà lára eré tí wọ́n ń figagbága nínú rẹ̀ níbi ìdíje eré ìdárayá ti gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n odù nìkan ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lé. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọdé wá kí n kọ́ ọ, n kì í jẹ́ kí ó ta ayò tán. Yóò ta ọwọ́ méjì, yóò sọ ìdí tí ó fi ta ìkejì bẹ́ẹ̀ fún mi, a ó sì dá ọmọ padà sí mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé ó le jù, pé ọmọdé ní láti jẹ kí ó tó mọ adùn ayò. Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ohun tí yóò mú mi yí i padà.