Ibi Tí Sẹ́ńsọ̀ Yóò Jókòó

Iṣẹ́ áláàmù ilé ni mò ń ṣe ní Àbújá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni wíwá ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò jókòó. Ẹni tó bá ní dírìlì lè lu ògiri. Kí ènìyàn dúró nínú yàrá, kó wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé àti ibi tí olè lè gbà yọ, iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ PIR tó wọ́pọ̀ kì í ríran bíi kámẹ́rà. Ooru ló ń mọ̀. Bí ohun tó gbóná bá ṣí nípò níwájú rẹ̀, ó gbà pé ènìyàn ti dé. Ó sì ń tètè mọ ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ wá bá a tààrà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn igun yàrá, ní nǹkan bíi mítà 2.1 sí 2.4 sókè, níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọjá níwájú rẹ̀. Èmi kì í kọjú rẹ̀ sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, tàbí sí ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí sí kọ́tìnì tí fáànù ń fẹ́.

Àbújá tún ní wàhálà tirẹ̀. Lóṣù kẹta, ilé tí a tì pa lọ́sàn-án máa ń gbóná débi pé ooru ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara ènìyàn dọ́gba, sẹ́ńsọ̀ kò wá tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan á yí i sókè kó lè máa tètè mọ ooru, bí ilẹ̀ bá sì tutù lóru, áláàmù á máa dún lásán. Mo fara mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó pa PIR pọ̀ mọ́ ìgbì máíkírówéèfù, tí kì í dún àfi tí méjèèjì bá jẹ́rìí. Síbẹ̀, máíkírówéèfù ń la gíláàsì kọjá, ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjú sí títì tí kẹ̀kẹ́ ń gbà.

Ọmọọ́lé tó lè rìn lójú sẹ́ńsọ̀ kó sì mú áláàmù dún ńkọ́? Kòkòrò tó yí gílóòbù ká ló ń wá. Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí gílóòbù, kí ẹ fi sílíkónì dí ihò wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kí èèrà má baà wọ inú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú rẹ̀.

Mẹ́gádì tí áláàmù ń jí lásán lóru kì í sáré jáde mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an sì lè jẹ́ ọjọ́ olè. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá wá sílé yín, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé dírìlì. Ẹ ní kó tan fáànù, kó tan amúlétutù, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo yàrá náà kó tó lu ihò kankan. Ẹ sanwó àkókò yẹn fún un.