Igi Ìtìjú

Ní ọdún 1857 ni a rí àwòrán kan lára ògiri ilé àtijọ́ kan lórí òkè Palatine ní Róòmù. A kan ọkùnrin kan mọ́ igi, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ni a yà fún un. Ẹnì kan dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. A kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Gíríìkì pé Alexamenos ń sin ọlọ́run. Yẹ̀yẹ́ ni; síbẹ̀ ó wà lára àwọn àwòrán ìkànmọ́gi Jésù tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ.

Yẹ̀yẹ́ náà kò yà mí lẹ́nu. Igi tí a fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni. Nígbà tí Clement ará Alẹkisáńdíríà ń ka àmì tí ó yẹ òrùka onígbàgbọ́, ó dárúkọ àdàbà, ẹja, ọkọ̀ ojú omi àti ìdákọ̀ró. Kò dárúkọ igi yìí. Ní nǹkan bí ọdún 430 tí a gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn ìjọ Santa Sabina ní Róòmù, igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lẹ́yìn Jésù.

Ibi tí ó kàn wá ni orúkọ tí a fún un. Àgbélébùú: ohun tí a gbé lé ìbú. Bí igi náà ṣe rí ni ó sọ, kò sọ ohun tí a fi í ṣe. N kò dá àwọn olùtúmọ̀ lẹ́bi, nítorí nínú “kàn mọ́” ni ìṣó wà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà nìkan ni ó dé etí alágbẹ̀dẹ wúrà. Èmi náà ní ọ̀kan, ẹ̀bùn ìyá mi ni. Ó lẹ́wà. Láti ìgbà tí mo ti rí ẹ̀dà àwòrán Róòmù yẹn ni mo ti ń bọ́ ọ lọ́rùn ní Ọ̀sẹ̀ Ìjìyà.