Ogun Cannae Lórí Tábìlì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún eré ogun kan tí mo darí fún ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn ilé-ìwé wa ní sáà tó kọjá. De Bellis Antiquitatis ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń ta á sì ń pè é ní DBA. Èdè Látìnì ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "nípa àwọn ogun ayé àtijọ́". Ọdún 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Phil Barker wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí nínú rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ, tábìlì kékeré sì ti tó o. Ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi ta á. Àwa kò ní irú rẹ̀. A gé páálí, a ya àwòrán ẹlẹ́ṣin àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ sí i, a sì yá dáìsì lúdò.

Ogun Cannae ni mo yàn, èyí tí wọ́n jà ní gúúsù Ítálì ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Jésù. Hannibal, ọ̀gágun Carthage láti Àríwá Áfíríkà, ló dojú kọ àwọn ará Róòmù. Polybius, òpìtàn ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé àwọn ará Róòmù tó 86,000, nígbà tí ti Hannibal jẹ́ bí 50,000. Síbẹ̀, Hannibal ló ṣẹ́gun. Ó jẹ́ kí àárín ìlà ogun rẹ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn ará Róòmù ti ń rọ́ wọlé, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ láti Áfíríkà há wọn mọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ẹlẹ́ṣin sì yí dé ẹ̀yìn wọn.

Àbùkù àkọ́kọ́ fara hàn kí a tó ju dáìsì rárá. Òfin DBA ní páálí méjìlá ni kí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan ní. Bí agbára bá dọ́gba, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọgbọ́n jù ú lọ? Mo yí òfin padà: Carthage gba méjìlá, Róòmù gba ogún. Òfin tún ní ẹni tó bá pàdánù mẹ́rin, tí ọ̀tá rẹ̀ kò sì pàdánù tó bẹ́ẹ̀, ti fìdí rẹmi. Mo sọ ọ́ di méje fún Róòmù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ta á. Róòmù borí lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ojú sì tì mí, nítorí mo ti fi Hannibal yangàn. Ìgbà kẹta ni mo tó rí ibi tí eré yìí dára dé. Bó bá kan ẹnìkan, yóò ju dáìsì kan. Iye tó bá jáde ni iye àṣẹ tó lè pa. Àwọn páálí tó so mọ́ra lè fi àṣẹ kan ṣoṣo rìn pọ̀, ṣùgbọ́n bí ìlà bá já, kálukú ń fẹ́ àṣẹ tirẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin Carthage kọlu Róòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà rẹ̀ já sí ọ̀nà márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi tó ń darí rẹ̀ ju dáìsì, méjì ló jáde. Ó pariwo pé, "Èèyàn wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè pàṣẹ fún wọn!" Gbólóhùn yẹn là mí lóye nípa Cannae ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ.

Páálí keje kúrò lórí tábìlì, a pàtẹ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ọmọ JSS 2 kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn mẹ́tàlá tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n sá lọ ni?"

N kò lè dáhùn. Páálí kan dúró fún bí 4,300 èèyàn. Polybius ní bí 70,000 ará Róòmù ló kú lọ́jọ́ náà. Livy ní wọn kò tó 50,000. Bí a bá tẹ̀lé Polybius, páálí mẹ́rìndínlógún ló yẹ kó kúrò, kì í ṣe méje. Ibi tí òfin ti ní kí a dáwọ́ dúró gan-an ni ìpakúpa ti bẹ̀rẹ̀ ní Cannae, nítorí kò sí ọ̀nà tí wọn ìbá gbà sá. Àbùkù kejì nìyí, òun ló sì burú jù.

Òbí kan ti sọ fún olùkọ́ wa pé irú eré yìí lè mú kí ọmọdé fẹ́ràn ogun. Inú bí mi nígbà náà. Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ yẹn, mo rí i pé òbí náà kò ṣì sọ. Mo ní kí ẹni tó darí Carthage mú páálí mẹ́sàn-án sí i kúrò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ka iye èèyàn. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, mo ṣì gbà pé kí a máa ta DBA ní ilé-ìwé. Ó kọ́ wa pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣeé darí kì í ṣe agbára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń darí rẹ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un fún kíka òkú, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.