Gírámà Inú "A díá fún"

Bí ẹnì kan bá ń rọ̀jò Òyìnbó lọ́jà, wọ́n á ní gírámà ló ń sọ. Ìtumọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ awo máa sá fún ọ̀rọ̀ náà. Òfin ìlò èdè mà ni, Ifá náà sì ní èdè. Láti 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti wà.

Ẹ gbọ́ ná. "Dá Ifá" ni ìpìlẹ̀. A pa fáwẹ̀lì "dá" jẹ, ó di "dífá". A pa "f" jẹ, ó di "díá". Ìpajẹ nìyẹn, kò le. "A" iwájú rẹ̀ ló le. Bí a bá kọ ọ́ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni: àwa la dá a. Ta wá ni àwa, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ awo tó dá a tán? Bí a bá so ó pọ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni, bíi ti "apẹja"; awo yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí. Etí ò lè yà wọ́n, ohùn àárín ni méjèèjì. Àwọn kan á ní bíi ti "a bí i ní Ọ̀yọ́" ni, tí a kò fi ẹnì kankan pè. Ṣùgbọ́n a ti dárúkọ awo kẹ̀!

Síso pọ̀ la fara mọ́. Ìwé wa ń lo méjèèjì lójú ewé kan náà, débi pé ọmọ-awo kan bi wá pé ìlú wo ni Adíáfún ti wá. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Kí àwọn olóòtú mú ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.